Ìdí Tí Mọ́tò Fi Ń Hó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí kò bá ní ìdí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ọ̀rọ̀ yìí bá ohun gbogbo lábẹ́ ọ̀run mu, ṣùgbọ́n ibi tí ó ti ń hàn gbangba tó inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò pọ̀. Bí mọ́tò bá kọ̀ tí kò lọ, ìdí kan ń bẹ. Bí ó bá ń wú bí ikọ́ àgbàlagbà, ìdí kan ń bẹ. Bí ó bá sì ń hó bí ìkòkò lórí iná, tí ooru omi ń rú lábẹ́ bọ́néẹ̀tì rẹ̀, ìdí ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdí kan náà ní ìgbà gbogbo. Láàrin ohun mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá tí ó lè fa ìhó bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá lè tọ́ka sí èyí tí ó fà á ní tòótọ́ ni a ń pè ní ọ̀gá nínú iṣẹ́. Ẹni tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, bí irinṣẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ kún ilé, owó olówó ni yóò máa ná.

Ní Accra, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Gáná, ojoojúmọ́ ni a ń rí mọ́tò tí ń hó. Ìlú náà wà ní etí òkun, oòrùn rẹ̀ sì mú, pàápàá ní oṣù kejì àti oṣù kẹta, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, mọ́tò a tò bí ìjàlọ láti Kaneshie títí dé oríta Kwame Nkrumah. Wọn a rìn díẹ̀, wọn a dúró pẹ́. Ọ̀nà kejì wà tí ó lọ láti Accra sí Tema, tí wọ́n ṣí ní 1965, tí gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 19. Níbẹ̀ ni awakọ̀ ti ń sáré. Ọ̀nà kẹta sì wà: bí ènìyàn bá kọjá Madina àti Adenta tí ó dé Ayi Mensah, ilẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ọ̀nà a sì máa lọ́ bí ejò títí yóò fi dé Peduase àti Aburi lórí òkè Akuapem. Ọ̀nà mẹ́ta yìí, èyí tí a ti ń rá, èyí tí a ti ń sáré, àti èyí tí a ti ń gòkè, ni ó ń kọ́ ènìyàn ní àrùn mọ́tò. Èyí tí mọ́tò bá ti ń hó nínú wọn ni ó ń sọ ohun tí ń ṣe é.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ni yékéyéké, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì. Iná ni ó ń jó níbẹ̀. Epo àti afẹ́fẹ́ ni ó ń pàdé nínú sílíńdà. Bí iná bá ti ràn wọ́n, ooru ibẹ̀ a máa lé ní 2,000 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bẹ́ẹ̀ sì ni alumíníọ̀mù, tí wọ́n fi ń ṣe písítìnnì, a máa yọ́ bí ooru bá ti dé 660. Kí ni ó dé tí ẹ́ńjìnnì kò fi yọ́ bí òrí inú oòrùn? Ìdí rẹ̀ ni pé ìṣẹ́jú àáyá kan kò tíì pé tí iná náà fi ń kú, àti pé omi yí àwọn sílíńdà náà ká, tí ó ń gba ooru kúrò bí ó ti ń dé. Nínú gbogbo agbára tí ó wà nínú epo tí a rà, bí ìdá kan nínú mẹ́ta, tàbí kí ó dín díẹ̀, ni ó ń yí ẹsẹ̀ mọ́tò. Bí ìdá kan a bá èéfín jáde. Èyí tí ó kù ni omi ń gbé lọ dà sínú afẹ́fẹ́. Nítorí náà ẹni tí ń wa mọ́tò ń gbé ààrò kiri, omi nìkan ni kò sì jẹ́ kí ààrò náà jó ara rẹ̀.

Pọ́ǹpù ni ó ń ti omi náà kiri. Láti inú ẹ́ńjìnnì, omi gbígbóná a gba inú róbà òkè wọ rédíétọ̀ ní iwájú mọ́tò. Inú rédíétọ̀ ni àwọn ọ̀pá tín-ín-rín wà, tí irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì wà láàrin wọn. Afẹ́fẹ́ a gba àárín irin wọ̀nyí kọjá, a sì tu omi náà, gẹ́gẹ́ bí ìyá ti ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná fún ọmọ rẹ̀. Omi tí ó ti tù a gba róbà ìsàlẹ̀ padà sínú ẹ́ńjìnnì. Bí mọ́tò bá ń sáré, ìrìn rẹ̀ ni ó ń mú afẹ́fẹ́ wá. Bí ó bá dúró, fáànù ni ó ń fẹ́ ẹ. Láàrin ẹ́ńjìnnì àti rédíétọ̀ ni oníbodè kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní tẹmosítáàtì. Bí omi kò bá tíì gbóná tó, oníbodè yìí a ti ìlẹ̀kùn. Bí ooru omi bá tó bí 82 tàbí 88, bí irú ẹ́ńjìnnì bá ti rí, yóò ṣí i. Ẹ́ńjìnnì kò fẹ́ òtútù, gẹ́gẹ́ bí kò ti fẹ́ ooru àpọ̀jù: èyí tí ó bá tutù jù a máa mu epo lámujù, ara rẹ̀ a sì máa tètè jẹ.

Ìdérí rédíétọ̀ pẹ̀lú kì í ṣe ìdérí lásán. Sípíríìǹgì kan wà nínú rẹ̀ tí ó ń tẹ omi mọ́lẹ̀. Gbogbo olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni ó mọ̀ pé ní etí òkun, omi ń hó ní 100, àti pé bí a bá dé e pinpin tí a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, yóò kọjá 100 kí ó tó hó. Ìdérí tí agbára rẹ̀ tó pọ́n-ùn 15 lórí íǹṣì kan ní ìbú àti òró lè mú kí omi lásán dé nǹkan bí 120 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ìdí nìyí tí ewu ńlá fi wà nínú ṣíṣí rédíétọ̀ gbígbóná. Omi tí ó dákẹ́ lábẹ́ ìdérí náà ti kọjá ibi tí omi ń hó; bí ìdérí bá ti ṣí, gbogbo rẹ̀ a hó lẹ́ẹ̀kan náà, a sì tú jáde bo ojú, ọwọ́ àti àyà ẹni tí ó ṣí i.

Ó ti pẹ́ tí àwọn tí ń ṣe mọ́tò ti ń bá ooru jìjàkadì. Mọ́tò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí Karl Benz ará Jámánì gba ìwé àṣẹ lé lórí ní 1886 kò ní rédíétọ̀ bí ti òde òní. Ńṣe ni omi rẹ̀ ń hó tí ó sì ń gbẹ, awakọ̀ a sì máa bu òmíràn kún un lọ́nà. Wilhelm Maybach, ará Jámánì bákan náà, ni ó ṣe rédíétọ̀ tí ó dà bí afárá oyin fún mọ́tò Mercedes tí ó jáde ní nǹkan bí 1901. Ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn Ford Model T, tí wọ́n ṣe láti 1908 títí di 1927, ni kò ní pọ́ǹpù omi rárá: omi gbígbóná fúyẹ́, ó ń gòkè, omi tútù wúwo, ó ń sọ̀kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni omi náà ṣe ń rìn fúnra rẹ̀. Volkswagen tí àwọn Yorùbá ń pè ní Ìjàpá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Èkó ní 1975, kò tilẹ̀ lo omi. Afẹ́fẹ́ nìkan ni ó ń tù ú. Ọ̀nà yìí yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe: kí ooru tí ń jáde má ṣe kéré sí ooru tí ń wọlé.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, olùkọ́ kan wà ní Accra, ọmọ Yorùbá, tí ó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní ilé-ìwé girama. Ó ra mọ́tò kan tí wọ́n ti lò rí ní òkè òkun. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni ó yá a ní owó, wọ́n sì ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀. Ìyókù ẹ̀tọ́ ilé kò tó mọ́, nítorí náà ó wá iṣẹ́ kún iṣẹ́: ní ọjọọjọ́ Sátidé, a di ẹrù irinṣẹ́ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ sẹ́yìn mọ́tò, a sì gòkè lọ sí Akropong láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ kan tí ń múra ìdánwò. Owó tí ó ń rí lórí òkè ni ó fi ń gbọ́ bùkátà ilé tí gbèsè mọ́tò ti jẹ. Bí mọ́tò kò bá lè gòkè, a jẹ́ pé gbèsè wà láìsí ohun tí a jẹ ẹ́ sí.

Bí oṣù díẹ̀ ti kọjá, mọ́tò náà bẹ̀rẹ̀ sí í hó ní kété tí ó bá ti kọjá Ayi Mensah. Ní Gáná, fítà ni wọ́n ń pe ẹni tí ń tún mọ́tò ṣe. Fítà kìíní tí olùkọ́ náà rí lẹ́bàá ọ̀nà kò béèrè ohunkóhun. Ó yọ tẹmosítáàtì sọnù, ó ní ilẹ̀ olótùútù ni wọ́n ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún. Mọ́tò hó ní Sátidé tí ó tẹ̀ lé e. Fítà kejì ní fáànù ni kò fẹ́ tó. Ó so wáyà rẹ̀ tààrà mọ́ ibi tí a ti ń yí kọ́kọ́rọ́, tí ó fi jẹ́ pé láti ìgbà tí mọ́tò bá ti jí ni fáànù ń fẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Mọ́tò tún hó. Fítà kẹta mi orí, ó ní ẹ́ńjìnnì ti kú, kí olùkọ́ lọ ra òmíràn ní Abossey Okai, ọjà tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Owó tí ó dá lé e ju owó oṣù mẹ́ta olùkọ́ náà lọ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba owó, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ṣe iṣẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa lápalàpa.

Ọ̀rẹ́ kan ni ó wá darí rẹ̀ sí Kokompe, àdúgbò àwọn fítà tí kò jìnnà sí Abossey Okai, sọ́dọ̀ bàbá arúgbó kan tí ó gbọ́ Yorùbá. Ọmọ Ọ̀gbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí bàbá náà, ṣùgbọ́n Accra ni wọ́n bí i sí. Ara bọ́ọ̀dù ọkọ̀ Bedford onípákó ni ó ti ń kọ́ṣẹ́ nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969 pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú gba ìwé láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó fi ìlú sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tí wọ́n bí sí Gáná, tí wọn kò mọ ilé mìíràn, ni wọ́n di ẹrù ní ọjọ́ wọ̀nyẹn. Bàbá náà bá àwọn òbí rẹ̀ lọ, ó sì padà lẹ́yìn ọdún díẹ̀ láti wá parí iṣẹ́ tí ó ń kọ́. Kò kàwé kọjá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, Bàbá,” ni olùkọ́ wí, ó sì tẹríba.

“Káàárọ̀ o, Tíṣà. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Kí ni mọ́tò ń wí?”

“Ó ń hó, Bàbá. Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú.”

Bàbá kò ṣí bọ́néẹ̀tì. Ó fa àpótí kan súnmọ́ ara rẹ̀, ó jókòó lé e. “Níbo ni ó ti ń hó?”

“Lórí òkè Aburi ni, Bàbá. Nígbà mìíràn sì rèé, bí mo bá sáré lójú ọ̀nà Tema.”

“Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Kaneshie ńkọ́?”

“Rárá, kò hó níbẹ̀ rí.”

“Kí ó tó hó, ǹjẹ́ omi ń dín nínú rẹ̀?”

“Kì í dín, àfi èyí tí ó bá tú dànù nígbà tí ó bá hó.”

“Omi wo ni o ń bù sí i?”

“Omi kànga ilé wa ni, sà.”

“Bí àwọn ará ilé bá fi fọ aṣọ, ṣé ọṣẹ ń hó nínú rẹ̀ dáadáa?”

Olùkọ́ dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó dáhùn. “Kì í hó tó bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ó ní iyọ̀ díẹ̀.”

“Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán,” ni bàbá wí. “Ṣùgbọ́n a kì í ti ẹnu nìkan mọ àrùn. Jẹ́ kí ara rẹ̀ tù ná.”

Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí dà bí ọ̀rọ̀ ìtàkurọ̀sọ lásán, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti ilẹ̀kùn kan, ó sì ṣí òmíràn. Mọ́tò tí ó bá ń hó nígbà tí ó dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tí ara rẹ̀ sì ń tù bí ó bá sáré, fáànù rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ fura sí, nítorí afẹ́fẹ́ ìrìn ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí fáànù kò ṣe. Èyí tí ó bá ń hó láìpẹ́ lẹ́yìn tí ó jí, kí ó tó rìn jìnnà, ó ṣeé ṣe kí oníbodè rẹ̀ ti há mọ́ ìlẹ̀kùn, tàbí kí omi má tilẹ̀ sí nínú rẹ̀. Èyí tí omi rẹ̀ ń dín lójoojúmọ́ tí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sì gbẹ, ó lè jẹ́ pé gáskẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ti jó, tí iná sì ń mu omi náà. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá rọra ń rìn láàrin ìlú láìsí wàhálà, tí ó sì ń hó bí a bá gbé iṣẹ́ wúwo fún un, ohun tí ó ń wí ni pé ooru pọ̀ ju ọ̀nà tí ó lè gbà jáde lọ. Nígbà náà ni a ó wo rédíétọ̀, pọ́ǹpù, àti róbà ìsàlẹ̀. Bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo: ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí ara mọ́tò tù, bàbá ṣí ìdérí rédíétọ̀, ó ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ jí ẹ́ńjìnnì. Ó ń wo ojú omi. Bí gáskẹ́ẹ̀tì bá ti jó, afẹ́fẹ́ inú sílíńdà a máa já wọ inú omi, a sì máa ru fòfó láìdúró. Kò rí irú rẹ̀. Ó fa ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì yọ: ọ́ìlì dúdú, kò dà bí kọfí tí a fi mílíìkì pò, nítorí náà omi kò tíì bá a pàdé. Ó fi àtàǹpàkò tẹ bẹ́líìtì, kò dẹ̀. Ó wo abẹ́ pọ́ǹpù, kò ro. Ó ní kí ọmọ náà tẹ ẹ́ńjìnnì kí ó ké, ó sì wo róbà ìsàlẹ̀ bóyá yóò fún pọ̀ bí ìgbà tí ọmọdé bá ń fa ọsàn mu. Kò fún pọ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó dé ìdérí padà, ó jẹ́ kí mọ́tò gbóná, ó pa á, ó yọ kọ́kọ́rọ́ kí fáànù má ba à gé ọwọ́, ó sì rọra ń fi àtẹ́lẹwọ́ ká ojú rédíétọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òkè gbóná. Ẹ̀gbẹ́ kan gbóná. Àárín rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ tutù.

“Fi ọwọ́ rẹ kàn án, Tíṣà,” ni ó wí.

Ibi tí ó tutù ni ibi tí àrùn wà, nítorí omi gbígbóná kò dé ibẹ̀. Àwọn ọ̀pá tín-ín-rín àárín ti dí. Nígbà tí wọ́n tú rédíétọ̀ sílẹ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ẹrẹ̀ pupa jáde, èépá funfun sì bá a jáde, irú èyí tí ń lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tùlù tí a ti fi omi kànga sè fún ọdún púpọ̀. Bí mọ́tò bá ń rá ní Kaneshie, epo tí ń jó kéré, ooru kéré, ìwọ̀nba ọ̀pá tí kò tíì dí sì tó o. Bí ó bá dojú kọ òkè Aburi, epo tí ń jó di ìlọ́po, ooru di ìlọ́po, ṣùgbọ́n ọ̀pá kò pọ̀ sí i.

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni olùkọ́ náà ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa omi líle àti omi rírọ̀. Ó ti ya àwòrán èépá inú kẹ́tùlù sójú pátákó tó bẹ́ẹ̀ tí kò níye. Kò sì sí ọjọ́ kan tí ọkàn rẹ̀ fi lọ sí kẹ́tùlù tí ó ń wà lọ sí Akropong.

Ní ayé Bedford, idẹ àti bàbà ni wọ́n fi ń ṣe rédíétọ̀. Alágbẹ̀dẹ lè yọ òjé ojú rẹ̀, kí ó ti irin tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú àwọn ọ̀pá náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sì tún un jó. Èyí tí ó wà lára mọ́tò olùkọ́, alumíníọ̀mù ni, ike sì ni orí rẹ̀. Kò ṣeé tú bẹ́ẹ̀. Wọ́n lọ wá òmíràn ní Abossey Okai. Bàbá kò fi ojú rà á; ó da omi sí i lórí, ó wo bí omi náà ti ń tú jáde nísàlẹ̀ wàràwàrà, kí ó tó gbà á. Ó ra tẹmosítáàtì tuntun pẹ̀lú. Ó ní nínú ẹ́ńjìnnì yìí, nígbà tí oníbodè bá ṣí ọ̀nà rédíétọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan náà ni ó fi ń dí ọ̀nà àbùjá tí omi lè gbà padà láìtù. Ẹni tí ó yọ oníbodè sọnù ti ṣí ọ̀nà àbùjá náà sílẹ̀ gbayawu, ó sì fi àrùn kún àrùn. Kí wọ́n tó dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì, ọmọ iṣẹ́ jù ú sínú ìkòkò omi lórí iná, gbogbo wọn sì dúró tì í títí ó fi la ẹnu. Ohun tí olùkọ́ ń ṣe nínú yàrá sáyẹ́ǹsì kò yàtọ̀ sí èyí.

Wọ́n so fáànù padà mọ́ ohun tí ń mọ ooru, kí ó lè máa fẹ́ nígbà tí ó yẹ. Wọ́n fi omi mímọ́ tí kò ní iyọ̀ ṣe ìdajì, wọ́n sì fi omi ìtutù aláwọ̀ tí wọ́n ń tà nínú ike ṣe ìdajì. Omi aláwọ̀ yìí kì í jẹ́ kí irin dógùn-ún, kì í sì í tètè hó. Ṣùgbọ́n májèlé ni, ó sì dùn lẹ́nu, nítorí náà kò gbọdọ̀ wà níbi tí ọmọdé, ajá tàbí ewúrẹ́ lè dé. Níkẹyìn wọ́n lé afẹ́fẹ́ tí ó há sínú omi jáde. Ní Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, abẹ́rẹ́ tí ń ṣọ́ ooru dúró sí agbedeméjì láti Ayi Mensah títí dé Akropong. Gbogbo owó tí olùkọ́ ná kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin owó ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ní kí ó rà. Bí ó bá sì ti ra ẹ́ńjìnnì náà, rédíétọ̀ dídí kan náà ni wọn ì bá dè mọ́ ọn, òun pẹ̀lú ì bá sì ti kú lórí òkè kan náà.

Fún ẹni tí ìhó bá bá lójú ọ̀nà, ìmọ̀ràn àwọn ọlọ́gbọ́n fítà kò pọ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá ti ń gòkè, kí ó pa ẹ̀rọ atẹ́gùn tútù, kí ó sì ṣí ti atẹ́gùn gbígbóná bí ó bá ní in, nítorí rédíétọ̀ kékeré ni òun náà. Kí ó yà sí ibi tí kò léwu, kí ó pa ẹ́ńjìnnì. Kí ó má fọwọ́ kan ìdérí fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, títí róbà òkè yóò fi rọ̀ tí yóò sì tù. Kí ó má da omi tútù lé irin gbígbóná. Ẹ́ńjìnnì Bedford jẹ́ irin lórí irin, ó sì lè fara da ìyà díẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì òde òní, orí jẹ́ alumíníọ̀mù, alumíníọ̀mù sì ń fẹ̀ bí ìlọ́po méjì irin bí ooru bá mú un. Ìhó kan ṣoṣo lè tẹ orí náà, kí gáskẹ́ẹ̀tì jó, kí ẹ́ńjìnnì sì nọ́ọ̀kì. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn olùkọ́ ju bí a ti rò lọ. Ní 1848 ni àwọn míṣọ́nnárì Basel dá ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ sílẹ̀ ní Akropong, lórí òkè kan náà tí mọ́tò yẹn ń gùn. Àwọn míṣọ́nnárì kan náà, ní ọ̀rúndún yẹn, ni wọ́n dá ibi iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ ní Osu, tí wọ́n ń pè ní Christiansborg nígbà náà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ káfíńtà, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ àti ṣíṣe kẹ̀kẹ́ ẹrù. Lójú wọn, ìwé àti òòlù kì í ṣe ọ̀tá. Lẹ́yìn náà ni ìwé jókòó sí ọ̀tọ̀, tí òòlù sì dúró sí ọ̀tọ̀, ní Gáná àti ní Nàìjíríà bákan náà. Ọmọ tí ó bá kùnà ìdánwò ni a ń fà lé fítà lọ́wọ́, a ó sì máa wí pé orí rẹ̀ kò gba ìwé. Ṣùgbọ́n mọ́tò tí ń jáde báyìí ní kọ̀ǹpútà nínú, ọmọ iṣẹ́ tí kò bá lè kàwé kò ní lè gbọ́ ohun tí kọ̀ǹpútà náà ń wí. Bákan náà, ọmọ ilé-ìwé tí ó bá mọ omi líle lórí pátákó nìkan kò ní mọ̀ ọ́n nígbà tí ó bá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Kò sí ìlú tí olùkọ́ wà ní orílẹ̀-èdè yìí tí kò ní ilé mẹkáníìkì kan lẹ́bàá ọ̀nà. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ kíláàsì rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ ooru lè lọ kí ọ̀gá ibẹ̀, kí ó bẹ̀ ẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, kí ó sì kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ wo tẹmosítáàtì nínú ìkòkò omi gbígbóná, rédíétọ̀ tí ó dí, àti gáskẹ́ẹ̀tì tí ó jó. Kí ó jẹ́ kí àwọn ọmọ béèrè, kí ọ̀gá dáhùn ní èdè rẹ̀; lẹ́yìn náà kí òun kọ ohun tí wọ́n rí sójú pátákó ní èdè ìwé. Kí ó kọ́ bàbá náà ní ìbéèrè bíbéèrè pẹ̀lú, nítorí mọ́tò nìkan kọ́ ni wọ́n ń tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ láìnídìí. Ọmọ kan ń sùn nínú kíláàsì. Olùkọ́ kìíní nà án, olùkọ́ kejì gbé e lọ síwájú, olùkọ́ kẹta kọ ọ́ sínú ìwé pé kò ní láárí. Kò sí ẹni tí ó béèrè ọjọ́ tí ó máa ń sùn. Bí ẹnì kan bá béèrè, yóò rí i pé ọjọ́ kejì ọjọ́ ọjà nìkan ni, nítorí pé ọmọ náà ni ó ń bá ìyá rẹ̀ ru ẹrù dé ilé ní ọ̀gànjọ́ òru. Abéèrè kì í ṣìnà.